Àwọn méje ló sáré, ẹnì kan ṣoṣo lẹ dárúkọ

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Dẹ́rẹ́bà ni mí. Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà láàrin Àkúrẹ́ àti Ìdànrè, mo sì máa ń ra ìwé ìròyìn yín láàárọ̀ kí èrò tó kún ọkọ̀. Ojú ewé eré ìdárayá ni mo kọ́kọ́ máa ń ṣí, torí ti òṣèlú kò ní sá lọ kí n tó dé ibẹ̀. Ojú ewé yẹn ni mo ti rí ìròyìn ìlà mẹ́ta tí ẹ kọ ní oṣù kẹta nípa eré ọ̀nà jíjìn àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ girama mẹ́rin. Ẹ ní ọmọ Ìdànrè kan ló gbégbá orókè. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀, ẹ kọ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó parí.

Irọ́ kọ́ lẹ pa. Mo wà níbẹ̀, mo rí ọmọ náà. Bó ṣe ń gun òkè, ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ńṣe ló ń sọ̀ kalẹ̀. Àmọ́ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kọ́ ló gba ife lọ́jọ́ náà. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ mi ló gbà á, ẹ kò sì fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kàn án. Ohun tó jẹ́ kí n mú bírò nìyẹn, èmi tí ìwé èrò ọkọ̀ nìkan ni mo máa ń kọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé eré náà ná, torí ó jọ pé oníròyìn yín kò dúró kí wọ́n ka àmì tán. Cross country ni àwọn tíṣà ń pè é. Wọn kì í sá a yípo pápá. Orí koríko ni, ojú ọ̀nà oko, inú ẹrẹ̀, orí òkè, ibi tó dà gẹ̀rẹ́. Àwọn tiwa ń sá kìlómítà mẹ́rin sí márùn-ún, bí ilẹ̀ ibi tí wọ́n bá lọ bá ṣe gbà wọ́n. Ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan á mú ọmọ méje wá. Bí ọmọ bá ṣe ń dé ojú ìlà ni wọ́n á máa fún un ní páálí tí wọ́n kọ nọ́ńbà ipò rẹ̀ sí. Wọ́n á wá ro nọ́ńbà àwọn márùn-ún tó kọ́kọ́ dé nínú ilé ẹ̀kọ́ kan pọ̀, ilé ẹ̀kọ́ tí tiẹ̀ bá kéré jù ló ni ife. Bí ọmọ márùn-ún bá gba ipò kìíní dé ìkarùn-ún, 15 ni, ẹnikẹ́ni ò lè rí èyí tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Amẹ́ríkà sọ fún mi lórí fóònù pé báyìí gẹ́lẹ́ ni wọ́n ń ṣe é nílé ẹ̀kọ́ ọmọ òun. Méje ń sáré, márùn-ún ni wọ́n ń kà, kìlómítà márùn-ún ni, wọ́n sì ń sá a láti oṣù kẹsàn-án títí wọ inú oṣù kọkànlá, nígbà tí òtútù bá ti ń wọlé níbẹ̀. Ó ní bí àmì ilé ẹ̀kọ́ méjì bá dọ́gba, ẹni kẹfà ni wọ́n máa ń wò láti fi yà wọ́n.

Ẹ fi ẹni kẹfà yẹn sọ́kàn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀.

Ìbejì ni mo bí, obìnrin ni àwọn méjèèjì, wọ́n wà ní SS2. Táyé ló máa ń ṣe ipò kejì nínú àwọn méje wa, Kẹ́hìndé ló máa ń ṣe ìkarùn-ún. Àwọn ará àdúgbò a máa fi Kẹ́hìndé ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìkejì rẹ̀ ti fi í sílẹ̀. Òun náà a ní, “Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Èmi ni ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo rán an ṣíwájú.” Ìyá wọn, tó ń ta èlò ọbẹ̀ ní Ọjà Ọba, kò fẹ́ràn eré náà rárá níbẹ̀rẹ̀. Ó ní ọmọ tó bá sáré tán kì í lè fọ abọ́.

Bí èmi ṣe dé inú ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ wọn ti ń jókòó lórí búlọ́ọ̀kù láti ìgbà tí mi ò rántí mọ́. Tíṣà kan ló wá bá mi ní gáréèjì, ó béèrè iye tí n ó gbà láti máa gbé ọmọ méje jáde ní àwọn ọjọ́ Sátidé kan ní táàmù kejì. Mo ní kó ra epo sí i, kó má san nǹkan mìíràn, ṣebí àwọn ọmọ mi náà wà nínú wọn. Báyọ́lọ́jì ni tíṣà yìí ń kọ́ wọn. Tíṣà eré kọ́ ni, mi ò sì rò pé ó gba mẹ́dàlì kankan rí láyé rẹ̀. Òun àti àwọn tíṣà mẹ́ta láti Ìdànrè, Ìlárá-Mọ̀kín àti Ọ̀bà-Ilé ni wọ́n jọ fẹnu kò pé kí àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ wọn máa bá ara wọn sá eré ọ̀nà jíjìn. Owó ìjọba kankan kò sí nínú rẹ̀. Fèrè, páálí, okùn tí wọ́n fi ṣe ojú ìlà, àti omi ọ̀rá.

Eré àkọ́kọ́ bọ́ sí oṣù kìíní, apá Ìta-Ògbólú ni wọ́n ti sá a, nínú oko ẹbí tíṣà kan. Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́jọ́ náà. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí mo fi gbé wọn kúrò ní Àkúrẹ́, ètè gbogbo wọn ti bó, ọ̀kan fi ìborùn ìyá rẹ̀ wé orí débi etí. Ọ̀nà tóóró tó gba àárín ebè ẹ̀gẹ́ kọjá ni wọ́n ní kí wọ́n gbà. Bí fèrè ṣe dún, àwọn tiwa bẹ́ jáde pẹ̀lú gbogbo agbára, torí 100 mítà ti inter-house ni wọ́n mọ̀ sí eré. Wọ́n ṣíwájú gbogbo ayé dé ìdí igi ìrókò kan. Lẹ́yìn ìdí ìrókò, mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ jù. Àwọn tó ń sáré bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, àwọn tó ń rìn jókòó. Ìkẹrin la ṣe nínú ilé ẹ̀kọ́ mẹ́rin.

Tíṣà kò bá ẹnikẹ́ni wí nínú ọkọ̀. Ó kù díẹ̀ ká wọ Àkúrẹ́ kó tó yíjú sẹ́yìn, ó ní, “Ta ni nínú yín tó lè kí Bàbá Ìbejì dáadáa nígbà tẹ́ ẹ dé ìdí ìrókò yẹn?” Kò sẹ́ni tó fèsì. Ó ní ó dáa, láti Mọ́ńdè lọ, ẹnikẹ́ni tó bá ń sáré tí kò lè kí ẹni tó bá pàdé lọ́nà ní àkíyanjú, ẹ káàsán mà, ẹ kú ọjà, ṣé àwọn ọmọ wà dáadáa, eré ẹni yẹn ti yá jù.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kí gbogbo ọ̀nà Ọ̀dà. Wọ́n kí fọkanáísà, wọ́n kí oníbọ̀ọ̀lì, wọ́n kí àwọn ọlọ́kadà. Ìyàwó mi gbọ́ ọ nínú ọjà pé àwọn ọmọ kan wà tó ń sáré kọjá nírọ̀lẹ́ tí wọ́n lẹ́kọ̀ọ́ ilé gan-an, àfi ìgbà tó bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe rí lójú, ló tó mọ̀ pé ọmọ òun ni wọ́n ń sọ. Láti ọjọ́ náà kò sọ̀rọ̀ abọ́ mọ́.

Mo bi tíṣà pé ṣé kíkí ènìyàn ló máa ń fúnni ní ẹsẹ̀ ni. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi láti orí Ọ̀dà títí dé Ọjà Ọba, nínú gòó-sìlóò. Ó ní eré jẹ́jẹ́ tó pẹ́ ló ń kọ́ ọkàn bí yóò ṣe máa tú ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, òun ló sì ń mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín pọ̀ sí i nínú iṣan ẹsẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè dé ibi tí agbára ti ń jáde. Ẹni tó bá ń fi gbogbo agbára sá a lójoojúmọ́, àárẹ̀ ló ń kó jọ. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló ń mú wọn lọ gun òkè, ẹ̀ẹ̀kan ló ń ní kí wọ́n sá kíákíá kí wọ́n sì sinmi láàárín, àwọn ọjọ́ yòókù, kíkí ni. Nǹkan kejì tó tún kọ́ wọn ni pé kí wọ́n má fọ́n ká. Ó ní bí ẹni kìíní yín bá dé, tí ẹni karùn-ún yín sì wà lẹ́yìn òkè, ẹ kò tíì dé.

Wọ́n ṣe ìkẹta ní Ìlárá-Mọ̀kín, níbi tí eruku pupa ti sọ gbogbo wọn di àwọ̀ kan náà tí mi ò fi mọ ọmọ mi yàtọ̀. Ní Ọ̀bà-Ilé, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ mọ́ wọn lórí, bàtà òkìríkà ẹnì kan sì dúró sínú ẹrẹ̀ tó fi ẹsẹ̀ lásán parí rẹ̀. A ṣe ìkejì níbẹ̀.

Láàárín àkókò yìí ni ìyá mi pè mí jókòó. Wọ́n ti lé ní 80 ọdún, wọ́n ní kí n má jẹ́ kí àwọn ọmọ náà ba ilé ọmọ wọn jẹ́ pẹ̀lú eré. Mi ò bá wọn jiyàn, ìyá ni wọ́n. Àmọ́ mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ tíṣà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn dókítà òyìnbó ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn obìnrin sá 800 mítà ní Olympics ọdún 1928, wọ́n yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn ìyẹn, kò padà wọlé títí di 1960. Marathon obìnrin kò sí nínú Olympics rárá títí di 1984. Ó wá sọ ti Derartu Tulu ọmọ Etiópíà fún mi, tó gba góòlù 10,000 mítà ní 1992, tó bímọ ní 1998, tó sì padà wá gba góòlù kan náà ní ọdún 2000. Mo ròyìn obìnrin yìí fún ìyá mi. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ní, “Nígbà tó lọ sáré, ta ló ń bá a gbé ọmọ?”

Èyí tí n kò lè fi ṣe àwàdà ni ti oòrùn. Ilé ẹ̀kọ́ kan wà ní ìlú yìí, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, tó jẹ́ pé ọjọ́ inter-house wọn, wọ́n fi eré ọ̀nà jíjìn sí ìparí, lẹ́yìn tí àlejò pàtàkì ti sọ̀rọ̀ tán, ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán. Mo gbé èrò lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ náà ni. Ọmọbìnrin kan ṣubú, wọ́n sì ń fi aṣọ fẹ́ ẹ lórí ilẹ̀ tó gbóná, kò sí omi, kò sí ibòji, àwọn èèyàn yí i ká tí wọ́n tún dí atẹ́gùn. Ọlọ́run yọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun láyé. Ní Olympics Paris ní ọdún 1924, inú oòrùn tó mú janjan ni wọ́n ti sá irú eré yìí. Àgbà ọkùnrin 38 ló bẹ̀rẹ̀, 15 péré ló parí, wọn kò sì sá a nínú Olympics mọ́ láti ọjọ́ náà. Àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó bá ń ka lẹ́tà yìí, aago méje àárọ̀ ni kí ẹ fi eré àwọn ọmọ sí. Àlejò pàtàkì tí kò bá lè tètè jí, ẹ jẹ́ kó bá wa nídìí ìrẹsì.

Mo ti ń gbọ́ ọ ní gáréèjì pé eré kúkurú ló mọ́ wa lẹ́sẹ̀, pé ti àwọn ará Kẹ́ńyà ni eré ọ̀nà jíjìn, inú ẹ̀jẹ̀ wọn ló wà. Mi ò ní ká má yangàn pẹ̀lú eré kúkurú. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni Tobi Amusan tó fi ìṣẹ́jú àáyá 12.12 fo idènà 100 mítà ní 2022, tí gbogbo àgbáyé kò tíì rí irú ẹ̀ rí títí di ọjọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ní eré kìlómítà mẹ́wàá tí wọ́n ń sá ní Okpekpe ní ìpínlẹ̀ Ẹdó láti 2013, àwọn ará Kẹ́ńyà àti Etiópíà ló sábà máa ń kó owó náà lọ. Àmọ́ ẹ wo ibi tí ẹ̀jẹ̀ yẹn ti wá. Ìlú kan wà ní Kẹ́ńyà tó ń jẹ́ Iten, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀, St Patrick's. Ní 1976, búrọ́dà ìjọ Kátólíìkì kan láti Ireland, Colm O'Connell, dé ibẹ̀ láti wá kọ́ wọn ní jọ́gíráfì. Kò mọ nǹkan kan nípa eré sísá nígbà náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wò bí àwọn ọmọ ṣe ń sáré. Nínú àwọn tó tọ́ dàgbà ni Peter Rono wà, tó gba góòlù 1,500 mítà ní 1988, àti David Rudisha, tó sá 800 mítà ní ìṣẹ́jú kan àti àáyá 40.91 ní London ní 2012. Lóòótọ́, Iten ga tó 2,400 mítà ju òkun lọ, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, Àkúrẹ́ kò ní ìyẹn. Òkè la ní. Tíṣà tó lè dúró tì wọ́n la kò ní tó.

Ohun mìíràn tún wà nínú ọ̀rọ̀ Kẹ́ńyà tí àwọn ènìyàn kì í sọ. Láti 1986 títí dé 2003, ọdún 18 gbáko léra wọn, àwọn ọkùnrin wọn ló ń gba ife ẹgbẹ́ nínú cross country àgbáyé. Paul Tergat ni gbogbo ènìyàn mọ̀, torí ó gba ipò kìíní ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún tẹ̀léra, 1995 sí 1999. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ó ṣe ìkẹta lẹ́yìn rẹ̀ nínú àwọn ọmọ Kẹ́ńyà? Ta ni ó ṣe ìkẹrin? Bí wọn ò bá dé lásìkò, ife kò ní tẹ Kẹ́ńyà lọ́wọ́, ì báà jẹ́ pé Tergat fò.

Mo wá dé Ìdànrè, níbi tí ẹ ti kọ ìlà mẹ́ta yín.

Ẹni tó bá ti wọ bọ́ọ̀sì mi mọ bí ọ̀nà náà ṣe rí, òkúta ńlá ńlá lọ́tùn-ún lósì, àti ibi tí mo máa ń bọ́ sí jíà kejì bí èrò bá kún. Àwọn ará Ìdànrè kọ́kọ́ fẹ́ kí àwọn ọmọ gba orí àtẹ̀gùn tó lé ní 600 tó lọ sí ìlú àtijọ́ lókè, níbi tí àwọn baba wọn gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ ìlú sí ìsàlẹ̀. Tíṣà wa kọ̀ jálẹ̀. Ó ní gígun rẹ̀ kò burú, sísọ̀ kalẹ̀ rẹ̀ ló máa ń ṣẹ́ èèyàn lẹ́sẹ̀. Wọ́n wá fẹnu kò sí ọ̀nà tó bẹ̀rẹ̀ lórí pápá ilé ẹ̀kọ́, tó gba ẹ̀bá ibi tí wọ́n ń sá kòkó sí kọjá, tó gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan ní ìdí òkúta, tó sì padà wá sórí pápá. Ọmọ 28 ló dúró sójú ìlà. Aago méje ààbọ̀ ni, kùrukùru ṣì wà lórí òkè.

Mo lọ dúró níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ọmọ Ìdànrè tí ẹ dárúkọ ló kọ́kọ́ yọ, òun nìkan. Ọmọ wa àkọ́kọ́ tẹ̀lé e, ọmọ kan tí ìyá rẹ̀ ń ta gáàrì, kì í sọ̀rọ̀, tó bá jókòó sínú bọ́ọ̀sì o ò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọmọ Ìdànrè méjì, lẹ́yìn wọn ni Táyé, tó ti na ọrùn síwájú bó ṣe máa ń ṣe bí nǹkan bá ń nira fún un láti kékeré. Kẹ́hìndé àti ọmọ pásítọ̀ kan jọ ń bọ̀, èjìká kan èjìká. Mo ṣáà ń wò wọ́n. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, ọmọ mi ṣí ẹnu, ó mí hẹ̀, ó ní, “Ẹ káàárọ̀ sà.” Mo gé eré wálẹ̀ gba ojú oko kòkó, mo kọjú sí pápá.

Wọ́n ti ń lu ìlù nígbà tí mo dé. Àwọn ará Ìdànrè rí i pé àwọn gba 1, wọ́n gba 3, wọ́n gba 4, ijó ti bẹ̀rẹ̀. Àwa gba 2, Táyé gba 5, ẹni kẹta wa gba 7. Ẹni kẹrin Ìdànrè dé, 9. Ọmọ pásítọ̀ tẹ̀lé e, 10. Ọmọ Ìlárá kan gba 11. Kẹ́hìndé àti ọmọ Ọ̀bà-Ilé kan wá yọ lẹ́ẹ̀kan náà láti ẹ̀yìn kíláàsì, ọmọ Ọ̀bà-Ilé ló ṣíwájú. Mi ò mọ ohun tí mo ń pariwo. Ìyàwó mi, tó ní òun kò ní wá, tó sì wọ ọkọ̀ mìíràn tẹ̀lé wa láì sọ fún mi, ń ki ìbejì sókè lójú gbogbo ènìyàn. Bí ìgbésẹ̀ mẹ́ta ló kù dé ojú ìlà nígbà tí Kẹ́hìndé kọjá ọmọ náà. 12. Ó dé, ó bì, ó jókòó lórí páálí rẹ̀.

Tíṣà ń kọ nọ́ńbà sẹ́yìn ìwé jótà. Ẹni kẹfà wa dé, ó gba 14. Ẹni keje wa gba 19. Lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹni karùn-ún Ìdànrè dé, 20.

Ẹ bá mi rò ó pọ̀. Ìdànrè: 1, 3, 4, 9, 20. Ó jẹ́ 37. Àwa: 2, 5, 7, 10, 12. Ó jẹ́ 36. Nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ìlù dáwọ́ dúró, wọ́n ní kí wọ́n tún un rò, wọ́n tún un rò, 36 náà ni. Kí n má parọ́, àwọn ará Ìdànrè ṣe dáadáa sí wa lẹ́yìn náà, wọ́n gún iyán.

Gbogbo ènìyàn ló ń gbé Kẹ́hìndé sókè pé ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́ta tó fi kọjá ọmọ Ọ̀bà-Ilé ló gba ife. Inú mi dùn, ọmọ mi ni. Àmọ́ nínú ọkọ̀, nígbà tí à ń bọ̀, tíṣà ní kí wọ́n tún nọ́ńbà náà wò. Ó ní ẹ mú ẹni kẹfà àti ẹni keje wa, ẹ fi wọ́n sẹ́yìn ẹni karùn-ún Ìdànrè. Ipò kélòó ni ọmọ Ìdànrè náà máa gbà? Wọ́n kà á lórí ìka. 18 ni. Àpapọ̀ Ìdànrè á wá jẹ́ 35, tiwa á ṣì jẹ́ 36. Àwọn méjì tí wọn kì í ka àmì wọn ló gba ife yẹn.

Sípíà ni àwọn ẹgbẹ́ wọn ń pe àwọn méjì yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Mo dá sí i lọ́jọ́ náà láti orí ìjókòó mi, mo ní ẹnikẹ́ni tó bá ń fi sípíà ṣe yẹ̀yẹ́, táyà rẹ̀ kò tíì bẹ́ lójú ọ̀nà Ìdànrè lálẹ́ rí.

Ẹni keje, ọmọ kékeré kan tó wà ní SS1, tí bàtà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń wọ̀ tóbi ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, tó ń fi aṣọ dí i níwájú, ló bi mí ká tó dé Àkúrẹ́ pé, “Bàbá Ìbejì, ẹ ní ẹ máa ń ra ìwé ìròyìn. Ṣé wọ́n máa kọ ọ́?” Mo ní wọ́n máa kọ ọ́, mo rí oníròyìn tó ń ya fọ́tò. Mo ra ìwé ìròyìn yín lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo rà á lọ́jọ́ Túsìdeè. Ọjọ́ Wẹ́sìdeè ni ìlà mẹ́ta náà jáde. Mi ò fi hàn án, àmọ́ ó ti rí i, ẹnì kan ti fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp.

Olóòtú, nígbà tí ẹ bá ń kọ ìròyìn bọ́ọ̀lù, ẹ máa ń kọ orúkọ ẹgbẹ́ tó borí ná, kí ẹ tó sọ ẹni tó gba góòlù wọlé. Mi ò tíì rí i kí ẹ kọ pé ẹnì kan gba góòlù méjì kí ẹ má sì sọ ta ló borí. Eré yìí náà, ti ẹgbẹ́ ni. Ẹ kọ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ tó gba ife, ẹ kọ àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ kọ orúkọ àwọn méjèje. Orúkọ méje kò gba àyè tó ìpolówó àgbo kan. Mo ti kọ orúkọ tiwa sí bébà ọ̀tọ̀ tó wà nínú àpò lẹ́tà yìí, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù tíṣà. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n, nítorí náà ẹ bi àwọn òbí wọn kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó jẹ́ ti Ìdànrè, Ìlárá àti Ọ̀bà-Ilé, ẹ béèrè lọ́wọ́ tíṣà wọn, torí àwọn náà sáré.

Àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, mo tún ní ẹ̀bẹ̀ kan sí yín. Nínú inter-house yín tó ń bọ̀, kí ilé aláwọ̀ búlúù, pupa, yẹ́lò àti gíríìnì mú ọmọ méje méje jáde fún eré kan báyìí, kí ẹ ro àmì wọn pọ̀ bí mo ṣe kọ ọ́ sókè yìí. Ọmọ tí kò lè gba ipò kìíní ní 100 mítà láéláé, tó ti ń lọ rọ omi fún àwọn eléré lọ́dọọdún, yóò rí ibi tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ti nílò rẹ̀. Irú wọn pọ̀ nínú kíláàsì yín ju àwọn tó ń sá 100 mítà lọ.

Oṣù kìíní ni wọ́n tún máa bẹ̀rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ kan láti apá Ìgbàrà-Òkè ti ní àwọn náà fẹ́ wọ̀ ọ́, ó máa di márùn-ún. Ìjókòó iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ṣì ṣófo nínú bọ́ọ̀sì. Bí oníròyìn yín bá fẹ́ bá wa lọ, mi ò ní gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kó ṣáà ti dé gáréèjì kí aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀ tó lù, kó sì mú ìwé tó fẹ̀ tó orúkọ márùndínlógójì dání.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Ìbejì,
Ojú ọ̀nà Ọ̀dà, Àkúrẹ́.